Bí Ẹni Tó Ń Fa Vape Kò Ṣe Ní Bọ́ Sídìí Sìgá

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fa vape, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń sọ omi di ooru tí wọ́n ń fà, ló máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé sìgá ò lè kan ẹnu àwọn láé. Wọ́n á ní ó ń rùn, ó ń ba eyín jẹ́, àwọn bàbá arúgbó ló ń mu ún. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, wàá bá láítà lápò ẹnìkan nínú wọn. Kì í ṣe pé ó jókòó, ó rò ó, ó sì pinnu láti di amusìgá. Àlàfo kan ló ṣí: vape kú, omi inú rẹ̀ gbẹ, tàbí ẹnìkan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ara ń béèrè nikotíìnì, ohun inú tábà tó ń di bárakú síni lára, lójú ẹsẹ̀, sìgá ló sì wà nítòsí. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí o mọ ibi tí àlàfo yẹn ti máa ń ṣí, kí o sì ti fi nǹkan dí i sílẹ̀.

Britain ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin vape ti yí padà láìpẹ́ yìí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó lọ kàwé tàbí tó lọ ṣiṣẹ́ ti kọ́ ọ. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Èkó náà yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ohun tí vape ti ṣe kí sìgá tó dé

Nikotíìnì ló so méjèèjì pọ̀. Ní Britain, òfin ò gbà kí omi vape ní ju mílígíráàmù 20 nikotíìnì lọ nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan, ibi tí omi ń wà nínú ẹ̀rọ náà ò sì gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 2 lọ. Ìyẹn ni pé vape tó kún dé ẹnu lè ní mílígíráàmù 40. Ọ̀pá sìgá kan ní nǹkan bíi 10 sí 15 nínú tábà rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń bá èéfín lọ. 1 sí 2 péré ló ń wọ ara ẹni tó ń mu ún. Nínú vape náà, kì í ṣe gbogbo 40 yẹn ló ń wọ ara, nítorí náà má ṣe fi ọ̀kan pín èkejì bí ìṣirò ilé ìwé. Ohun tó yẹ kí o mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fa odidi mílílítà 2 tán lójúmọ́ ti kúrò ní ẹni tó ń fi ṣeré. Bárakú tirẹ̀ lè tó ti ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lójúmọ́.

Ohun tó mú kí èyí rọrùn ni irú nikotíìnì tí wọ́n ń kọ sára ìgò pé nic salt. Nikotíìnì lásán tó bá pọ̀ máa ń ta ọ̀fun, ẹni tí kò mú un rí yóò húkọ́. Nígbà tí wọ́n fi ásíìdì benzoic pò ó, ó di ohun tó ń yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Vape kan tó ń jẹ́ JUUL, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi mílígíráàmù 59 nínú mílílítà kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin Britain gbà. Láyé àtijọ́, ikọ́ àkọ́kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nídìí sìgá. Vape mú ikọ́ náà kúrò, ó jẹ́ kí ọpọlọ kọ́ nikotíìnì láìjìyà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ ènìyàn ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Nígbà tí sìgá bá fi máa dé, ara ti mọ ohun tó ń wá.

Nikotíìnì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ń fa vape ní gbogbo ìgbà kì í mọ èyí, torí pé kò fún ara rẹ̀ láyè rí kó lọ sílẹ̀: ó fà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fà á ní ilé ìwẹ̀, ó fà á kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí vape bá sọnù ni yóò mọ̀. Ara á máa gbóná, inú á máa bí i sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, kò ní lè ka ojú ìwé kan tán. Sìgá yára wo irú ìyánhànhàn yẹn ju ohunkóhun lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 tí èéfín bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, nikotíìnì rẹ̀ ti dé ọpọlọ. Ìdí rèé tí ọ̀pá kan tí ènìyàn gbà "torí pé kò sí vape" kì í fi í parí síbẹ̀. Ọpọlọ ti ṣàkíyèsí pé èyí tètè dáhùn.

Iná ló wà nínú sìgá, ìyẹn sì ni gbogbo ìyàtọ̀. Tábà tó ń jó ń mú ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde, pẹ̀lú kẹ́míkà tó lé ní 7,000, tí nǹkan bíi 70 nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ. A ò sọ pé vape dára. Ẹni tí kò fà á rí, kó má bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi vape sílẹ̀ gba sìgá ti fi ewu kékeré ra ewu ńlá, ìyẹn ló sì ń dùn wá jù, torí pé ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé òun ń ṣe pàṣípààrọ̀ kankan.

Ní 2018, National Academies, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, kó ìwádìí jọ, wọ́n sì ní ẹ̀rí tó lágbára wà pé ọ̀dọ́ tó bá fa vape súnmọ́ àtitọ́ sìgá wò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò fà á lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń sọ pé ọmọ tó fẹ́ràn láti dán nǹkan wò ni yóò dán méjèèjì wò. Òótọ́ wà nínú ìyẹn náà: ní 2024, ìdá 5.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà ló ń fa vape, ìdá 1.4 péré ló ń mu sìgá. Vape kò kó gbogbo ọ̀dọ́ lọ sídìí sìgá. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀pá àkọ́kọ́ ṣeré. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018 kó èsì àwọn ènìyàn tó lé ní 200,000 jọ láti Britain, Amẹ́ríkà, Australia àti New Zealand. Nínú àwọn tó tọ́ sìgá wò, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta tó di ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ìgbà kan.

Ibi tí àlàfo ti ń ṣí

Ẹ̀rọ tó kú ni a ó fi ṣíwájú, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò tó nǹkan. Kọ́ìlì inú vape jẹ́ wáyà kékeré tí òwú yí ká. Omi ló ń rin òwú, wáyà á gbóná, omi á di ooru tí o ń fà. Tí omi bá lọ sílẹ̀, tàbí tí o bá ń fà á léraléra láìjẹ́ kí òwú tún mu omi, òwú á gbẹ, á jóná, òórùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó á gba gbogbo ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Tó bá ti jó báyìí, kò sí àtúnṣe, àfi kí o pààrọ̀ kọ́ìlì tàbí pod, ìyẹn ike kékeré tó ń gba omi. Tó bá wá jẹ́ aago kan òru, níwájú ilé ijó, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á na páálí sí ọ: "Mú ọ̀kan jàre."

Ìgbà tó sì jẹ́ ìta ilé ijó ni, ọtí ti wà lára. Láti July 2007 ni òfin ti lé sìgá jáde kúrò nínú ilé ọtí ní England, nítorí náà ìta kan náà ni amusìgá àti ẹni tó ń fa vape ń pàdé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ojúlùmọ̀. Òfin UK láti 2017 kò gbà kí wọ́n ta páálí tó kéré sí ọ̀pá 20, owó rẹ̀ sì ga, torí náà ọ̀pá àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ rírà. Ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí ó bá ti gba ọ̀fẹ́ tó bíi mẹ́fà, ojú á tì í, á lọ ra páálí tirẹ̀ kó lè san gbèsè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti di amusìgá nìyẹn, nínú ìwà ọmọlúwàbí.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà náà yàtọ̀ díẹ̀. Òfin tábà ti 2015 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pá kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ṣì ń tà ní kíóósì. Pod tuntun wọ́n, ọ̀pá sìgá kan kò wọ́n. Ọmọ ìlú òyìnbó tó wálé ní December tí vape rẹ̀ kú lọ́jọ́ kẹta kò nílò láti wá sìgá kiri.

Òfin àti owó náà ń ṣí àlàfo. Ní 1 June 2025, títa vape àlòsọnù di èèwọ̀ ní gbogbo UK. Ẹni tó ti mọ́ lára kó ra èyí tó wà ní kọ́ńtà, kó fà á tán, kó sọ ọ́ nù, ni wọ́n wá ní kó máa ṣáàjì, kó máa rọ omi, kó máa pààrọ̀ pod. Òfin náà ní ìdí tó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní èyí tó kù. Ìjọba sì ti kéde owó orí £2.20 lórí mílílítà 10 omi vape kọ̀ọ̀kan láti 1 October 2026. Wọ́n fi kún ti sìgá pẹ̀lú, kí vape má baà di ohun tó wọ́n jù ú lọ.

Igbó náà ń kó tábà wọlé láìjẹ́ kí o mọ̀. Ní Britain, tábà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pò mọ́ igbó kí wọ́n tó wé e. Ẹni tó ń fa vape ní ọ̀sán tó sì ń fa èyí tí wọ́n wé ní alẹ́ ti ń mu sìgá, bó ṣe wù kó sẹ́ ẹ tó. Tí igbó bá tán, tábà ló máa ṣẹ́kù sínú ọ̀rá.

Èrò tó kù ni "ọ̀kan náà ni wọ́n". Nínú ìwádìí tí ASH, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti sìgá, ṣe ní Britain ní 2024, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mu sìgá ló gbà pé vape burú tó sìgá tàbí kó burú jù ú lọ. Díẹ̀ lára ìbẹ̀rù yìí wá láti Amẹ́ríkà ní 2019, nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan gbé ènìyàn 2,807 lọ sí ilé ìwòsàn, tí 68 sì kú, gẹ́gẹ́ bí CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe kà á títí di February 2020. Ohun tí wọ́n rí nídìí èyí tó pọ̀ jù ni vitamin E acetate, tí àwọn oníṣòwò ẹ̀bùrú pò mọ́ vape igbó. Ẹni tó bá tìtorí ìbẹ̀rù yẹn gba sìgá ti sá fún òjò bọ́ sínú odò.

Èyí tó ń yà wá lẹ́nu jù ni àwọn tó ń fi sìgá gbìyànjú láti fi vape sílẹ̀. Àlàyé wọn ní làákàyè díẹ̀: ọ̀pá sìgá ní òpin, o máa jáde síta, o máa mu ún tán, o máa wọlé padà; vape kò ní òpin, ọwọ́ rẹ ló wà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n rí ìṣòro náà dáadáa, oògùn rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Òpin ni wọ́n ń wá, wọ́n sì lè fi òpin sí vape fúnra rẹ̀: má fà á nínú ilé, fi í sínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ dìde, kí o wọ bàtà, kí o jáde.

Kọ́kọ́ mọ iye tí ò ń fà

Gba ọjọ́ mẹ́ta, kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ sórí fóònù: mílílítà mélòó lo rọ sínú rẹ̀, mílígíráàmù mélòó ni wọ́n kọ sára ìgò, àti ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn tí o jí ni o fà á àkọ́kọ́. Ìgò mílílítà 10 tó bá pẹ́ ọjọ́ márùn-ún, mílílítà 2 lójúmọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 20 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, 2 lọ́nà 20 jẹ́ 40. Nọ́ńbà yẹn ni ìwọ àti apòògùn yóò fi ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé kí ìṣẹ́jú 30 tó kọjá lẹ́yìn tí o jí ni o ti ń wá a lábẹ́ ìrọ̀rí, bárakú náà ti jinlẹ̀, má ṣe gbìyànjú láti já a lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsí ohun tí yóò dípò rẹ̀.

Tí o kò bá tíì múra tán láti fi vape sílẹ̀, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ó lè ṣàjèjì létí pé ìtọ́sọ́nà ìlera ń kọ́ ènìyàn bí vape kò ṣe ní kú, ṣùgbọ́n ibi tó bá kú sí ni sìgá ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi pod tuntun kan, okùn ṣáàjì àti ìgò omi kékeré sínú báàgì tí o ń gbé jáde. Tí o bá rọ omi sínú pod tuntun, dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí o tó fà á, kí òwú lè mu omi dé inú. Tó bá jẹ́ kọ́ìlì tí ń yọ, kán omi bíi mẹ́ta sí mẹ́rin sára òwú rẹ̀ kí o tó fi í sáyè. Má jẹ́ kí omi lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sì fún un ní bí ìdajì ìṣẹ́jú láàárín fífà kan àti èkejì. Gbé omi náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Nikotíìnì inú rẹ̀ lè pa ọmọ kékeré lára gidigidi.

Ohun tí yóò dúró dípò rẹ̀

Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì ni ohun tó rọrùn jù láti fi dí àlàfo, nítorí pé kò nílò ṣáàjì, o sì lè fi í sápò ṣòkòtò. Ti mílígíráàmù 2 wà, ti 4 wà. Ẹni tó ń fà á kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn tó jí máa ń nílò 4. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kò ṣiṣẹ́ fún àwọn torí pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù lásán. Jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ta ẹnu, kí o dáwọ́ dúró, kí o fi há àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Awọ inú ẹnu ló ń gbà á. Tí títa náà bá lọ, tún jẹ ẹ́ díẹ̀, kí o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣe báyìí fún ìṣẹ́jú 30. Tí o bá ń jẹ ẹ́ kíákíá, itọ́ á gbé nikotíìnì lọ sínú ikùn, òsúkè á mú ọ, inú á máa ru, ìyánhànhàn náà ò sì ní lọ. Má mu kọfí, kóòkì tàbí omi ọsàn ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, torí pé ásíìdì inú wọn kì í jẹ́ kí ẹnu gbà á wọlé.

Ìkejì ni nikotíìnì alẹ̀mára, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ. Òun ló ń mú kí nikotíìnì dúró sójú kan látàárọ̀, tí àlàfo yẹn kò fi ní ṣí lójijì. Èyí tó ń lo wákàtí 24 máa ń jẹ́ mílígíráàmù 21, 14 àti 7. Ti wákàtí 16 máa ń jẹ́ 25, 15 àti 10. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òkè tàbí ìbàdí tó mọ́, tó gbẹ, tí kò nírun, kí o pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́ kí awọ má baà hún ọ. Tí àlá burúkú bá ń dà ọ́ láàmú, yọ ọ́ kí o tó sùn. O lè lo alẹ̀mára fún gbogbo ọjọ́, kí o tún fi ṣingọ́ọ̀mù pa ìyánhànhàn tó bá yọjú. Àpapọ̀ méjèèjì máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ fún ẹni tó ń fi sìgá sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn apòògùn sì ń tọ̀ fún vape. Orí ń fò ọ́, èébì ń gbé ọ? Ó ti pọ̀ jù, dín in kù. Aboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ ná.

Oògùn kan tún wà, varenicline, tí dókítà ń kọ fún àwọn tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀. Ní 2025 ni èsì ìwádìí kan jáde láti Massachusetts General Hospital lórí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16 sí 25 tí wọ́n ń fa vape, tí wọn kì í sì í mu sìgá déédéé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo varenicline ló ti fi vape sílẹ̀. Nínú àwọn tó gba oògùn àfarawé, tí kò ní oògùn gidi nínú, ìdá 14 ni. Varenicline máa ń ru inú, nítorí náà wọ́n ń fi oúnjẹ àti omi púpọ̀ lò ó. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ. Má ra á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí ènìyàn dín mílígíráàmù kù kó má sì wo mílílítà. Ó ń fa mílílítà 2 ti 20, ìyẹn 40. Ó ra ìgò 10, inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ara rẹ̀ mọ̀, ó ń fà á léraléra, ó di mílílítà 4 lójúmọ́. 4 lọ́nà 10 ṣì jẹ́ 40. Owó àpò rẹ̀ nìkan ló dín kù.

Dá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin fún ìpele kọ̀ọ̀kan: 20, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 0. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìpele tuntun, mílílítà lè gòkè díẹ̀. Láti 2 sí 2.5 tàbí 3 kò burú. 3 lọ́nà 10 jẹ́ 30, o ṣì ti sọ̀kalẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn náà ti ga jù. Pò ó pọ̀: ìgò mílílítà 10 ti 20 pẹ̀lú ìgò mílílítà 10 ti 10 yóò fún ọ ní mílílítà 20 ti 15. Nic salt ni kí o pò mọ́ nic salt, kì í ṣe mọ́ èyí tí wọ́n kọ freebase sí lára, ìyẹn nikotíìnì lásán.

Bí ò ń dín agbára rẹ̀ kù, máa sún fífà àkọ́kọ́ ti òwúrọ̀ síwájú pẹ̀lú, kí ó di ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí o jí, kí ó di 30, kí ó di wákàtí kan. Má yan ọ̀sẹ̀ ìdánwò tàbí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ láti já a pátá. Lẹ́yìn tí o bá já a, ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìyánhànhàn kọ̀ọ̀kan kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bó ti wù kó lágbára tó.

Òfin kan ni kí o fi dè ara rẹ ní gbogbo àkókò yìí: tí ojú rẹ bá ti ń wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, padà sí ìpele tó wà lókè, lọ́jọ́ náà gan-an. Má wò ó pé o ti ṣèlérí. Ẹni tó padà láti 5 sí 10 kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó fi agídí dúró lórí 5 tó wá fi sìgá dí ìyókù ti pàdánù ohun tó pọ̀.

Alẹ́ ọtí, àti ọjọ́ ìrìnàjò

Kí o tó jáde lọ síbi ọtí, ṣáàjì vape kó kún, rọ omi sí i, fi ṣingọ́ọ̀mù mẹ́rin sápò. Mọ ohun tí wàá sọ kí wọ́n tó na páálí sí ọ, torí pé ọtí kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ, o lè sọ fún un pé, "Rárá o, mi ò kì í fa ìyẹn." Tó bá jẹ́ àgbà ló fi lọ̀ ọ́, tí o kò fẹ́ kó dà bí àrífín: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Sìgá kì í bá mi lára mu." Má ṣe àlàyé kọjá ibẹ̀, àlàyé gígùn ló ń di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn ló ń di "fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo". Má fi shisha dípò sìgá o. Èédú ló ń jó lórí rẹ̀, carbon monoxide rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹni tó ń wálé, kó gbé vape àti bátìrì rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe èyí tí yóò lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sì gbọdọ̀ ṣáàjì rẹ̀ tàbí fà á nínú ọkọ̀. Fi nọ́ńbà tìrẹ ṣírò iye pod àti omi tí yóò pẹ́ títí ọjọ́ tí wàá padà, kí o fi díẹ̀ kún un. Ra ṣingọ́ọ̀mù àti alẹ̀mára láti Britain, torí pé kì í ṣe gbogbo kẹ́mísì ní Èkó tàbí Ìbàdàn ni wàá ti rí wọn.

Tí o bá ti mu ọ̀pá kan

Má ra páálí. Ohun tó bá wà lápò ni ènìyàn ń mu. Láàárín wákàtí kan, padà sí vape tàbí ṣingọ́ọ̀mù rẹ, ní ìwọ̀n tó tó ọ, kí ara má baà lọ béèrè ọ̀pá kejì. Lẹ́yìn náà béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara rẹ: kí ni kò sí lọ́wọ́ mi nígbà yẹn? Ohun náà ni kí o fi sínú báàgì lọ́la.

Tó bá ti ń lọ bí ọ̀pá mélòó kan lọ́sẹ̀, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ran amusìgá lọ́wọ́ ní àdúgbò rẹ, kí o fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn carbon monoxide. Nọ́ńbà ẹni tí kì í mu sìgá lórí ẹ̀rọ náà sábà máa ń wà lábẹ́ 10. Vape kì í gbé e sókè, sìgá ló ń gbé e. Tí o bá dá sìgá dúró, nọ́ńbà náà á wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, o ó sì fi ojú ara rẹ rí i lórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n

Tí ẹ bá rí vape nínú yàrá ọmọ tó ti dàgbà, a mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín ni kí ẹ jù ú sínú dọ́ọ̀tìbíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù. Bárakú rẹ̀ kò ní bá vape lọ sínú dọ́ọ̀tìbíìnì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, á wà níta pẹ̀lú ẹni tó ní sìgá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè méjì láìgbé ohùn sókè: "Agbára mélòó ni wọ́n kọ sí i lára? Ìgò kan máa ń pẹ́ ọjọ́ mélòó?" Èsì rẹ̀ á fi bí ọ̀rọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó hàn yín, òun náà á sì rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a lọ sí kẹ́mísì, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ bá apòògùn sọ̀rọ̀. Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ń mu sìgá nínú ilé, kó má fi páálí sílẹ̀ lórí tábìlì, kó má sì rán ọmọ lọ ra á.

Ní England, nọ́ńbà tí ẹ lè pè ni 0300 123 1044. Ní Amẹ́ríkà, 1-800-784-8669. Amusìgá ni wọ́n dìídì ṣe é fún, nítorí náà tí wọ́n bá gbé e, kọ́kọ́ sọ pé vape ni ò ń fà, kí o sọ nọ́ńbà rẹ lójúmọ́ ní mílígíráàmù, kí o sì sọ bóyá sìgá ti wọ̀ ọ́ tàbí kò tíì wọ̀ ọ́. Tí ẹni tó gbé e bá sọ pé ti sìgá nìkan ni àwọn ń ṣe, béèrè kẹ́mísì tàbí ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ tó ń ṣe ti vape, kí o tó pa fóònù.